Eérú Létí Àtẹ̀gùn

Bí òórùn eérú bá ti ta sí mi nímú, mo máa ń rántí ọ̀sán kan tí òjò ṣú ní Massè. Ìyá àgbà gbé ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ó dúró, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Mo fà sẹ́yìn.

"Ìyá àgbà, kí lẹ rí?"

"Bu eérú sí etí àtẹ̀gùn yẹn kíá!"

Mo rò pé iwin la fẹ́ fi lé. Mo sáré wọ́n ọn sí etí àtẹ̀gùn. Ó wo ìlà funfun náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ọjọ́ orí ló sọ amọ̀ àtẹ̀gùn àti amọ̀ ilẹ̀ di ọ̀kan lójú rẹ̀.

Lánàá, mo dúró lórí àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì mi, ẹsẹ̀ mi ń wá ilẹ̀. Mo ní kí ọmọ-ọmọ mi bu eérú wá.

Ó fà sẹ́yìn. "Ìyá àgbà, kí lẹ rí?"