Bàbá Ọgọ́ta àti Jíà Ẹ̀yìn

Nǹkan kan ṣoṣo ni mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ọkọ̀ mọ̀ ọ́n tún ṣe láyé yìí: jíà ẹ̀yìn, èyí tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Bí iná ọkọ̀ rẹ kò bá tàn, wá ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ń wúkọ́, má wulẹ̀ dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ìdí ọkọ̀ bá ń ké, tó ń ró gbàgà-gbàgà bíi pé ẹnì kan ń fọ́ òkúta lábẹ́ ìjókòó, òun lo máa bá. Abẹ́ ọkọ̀ ló ń gbé. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Àwọn ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò sì bínú sí i.

Bàbá rẹ̀ náà ní orúkọ tirẹ̀. Bàbá Ọgọ́ta ni gbogbo èrò ń pè é. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló ń wà láti ibùdókọ̀ lọ sí orí òkè, níbi tí iléeṣẹ́ àti ilé ìwé wà. Láti ìgbà tó ti ń wakọ̀, kò jẹ́ kí ọwọ́ aago ìsáré kọjá ọgọ́ta rí. Àwọn awakọ̀ yòókù á yà á sílẹ̀, wọ́n á yọ orí látojú fèrèsé, wọ́n á bi í bóyá ẹyin ló rù. Á kàn fi ìka kan aago náà fún ẹni tó bá jókòó tì í. Ariwo ẹ́ńjìnì ti di í létí. Kò lè fi etí mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré mọ́. Aago ló gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn ìyá sì gbẹ́kẹ̀ lé òun. Wọ́n á dúró sínú òjò de ọkọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má baà kó ọmọ wọn sí ti ẹlòmíràn.

Ìgbà tó yá, eyín jíà ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà rún wómúwómú. Ìdí-Ọkọ̀ tú u. Ó wá irú rẹ̀ títí, kò rí. Níbi tí wọ́n ti ń tú àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ tà, ó rí ọ̀kan lára ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, àmọ́ ti ọkọ̀ ọlọ́rọ̀ tó máa ń rin ọ̀nà jíjìn. Ihò bóòtù wọn bára mu. Ó wọlé wẹ́rẹ́.

Ó ní bó ṣe máa ń ṣe. Á gbé ìdí ọkọ̀ sókè, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà, á fa òmíràn sára ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára wá sẹ́yìn. Á yí táyà méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì ka iye ìgbà tí ọ̀pá yí. Ti àtijọ́, ọ̀pá ní láti yí nígbà mẹ́rin àti ààbọ̀ kí táyà tó yí ẹyọ kan. Ti tuntun yìí, mẹ́ta àti díẹ̀ péré. Ó ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ti gùn sí i. Ẹni tó ru ẹrù gòkè, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ ló máa gbé; ẹni tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló lè fẹsẹ̀ gbọọrọ. Nítorí náà ọkọ̀ á máa ṣọ̀lẹ lórí òkè, ṣùgbọ́n ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì ò ní pariwo, kò sì ní mu epo bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tó wu ẹsẹ̀ rẹ̀ kó gùn dé, ọgọ́ta náà ni tòun.

Ọkọ̀ dára lóòótọ́. Ó ń lọ rọ́rọ́. Àwọn èrò ń sọ pé àwọn ń tètè dé ibi iṣẹ́, pé Bàbá ti ń padà di ọ̀dọ́. Wọ́n rò pé ọ̀nà ló dá.

Lọ́jọ́ náà, Ìdí-Ọkọ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ kan. Ẹnì kan fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ jáde wá. Bàbá yín ni.”

Bọ́ọ̀sì ti yí dànù níbi kọ́nà tó wà nísàlẹ̀ òkè. Kò sí èrò tó kú. Olùkọ́ obìnrin kan dá lápá, àwọn yòókù fara gbọgbẹ́. Bàbá nìkan ni ìdarí ọkọ̀ gún láyà. Nígbà tí Ìdí-Ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn, bàbá rẹ̀ ń mí bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga jíjìn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọlọ́pàá ní ipa táyà lójú títì kì í ṣe ti ẹni tó ń rọra lọ. Alága àwọn awakọ̀ gbé e dé ibùdókọ̀, ó ní irọ́ ni arúgbó náà ti ń pa fún gbogbo ayé látọjọ́ yìí. Àwọn ìyá tó ti ń dúró nínú òjò ń ṣépè.

Bàbá gbọ́. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

“Ọgọ́ta ni mo wà. Lọ sọ fún wọn.”

Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìdí-Ọkọ̀ ń dá a lóhùn pé òun gbọ́, pé òun á sọ fún wọn. Ká má purọ́, kò gbà á gbọ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì ni olùkọ́ náà yọjú, apá rẹ̀ nínú báńdéèjì. Iwájú ló jókòó sí. Ó ní òun ń wo aago bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ọgọ́ta ni. Ó ní òun wò ó torí òun rí igi ẹ̀bá ọ̀nà tó ń yára kọjá, ó sì ya òun lẹ́nu.

Ìdí-Ọkọ̀ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti ń ro nǹkan mìíràn. Ẹni méjì ló rí ọgọ́ta. Títì ní kì í ṣe ọgọ́ta. Ó sì ku ẹlẹ́rìí kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi léèrè.

Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bọ́ọ̀sì náà wà lẹ́yìn ilé, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ń wo oòrùn. Ó tọ okùn aago láti iwájú awakọ̀ títí dé ibi tó parí sí. Kò dé ibi táyà rárá. Ìdí àpótí jíà ló wọ̀, níbi tí ọ̀pá gígùn ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ti rí okùn yẹn láìmọye ìgbà. Ó máa ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ríṣẹ́ ṣe.

Aago ò mọ táyà. Ìyípo ọ̀pá ló ń kà. Nígbà tí ọ̀pá ò yí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ kí táyà tó yí ẹyọ kan, aago ń ka díẹ̀, táyà ń sá púpọ̀. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe. Bí ọwọ́ bá wà lórí ọgọ́ta, ọgọ́rin ni ọkọ̀ ń sá. Ó jókòó sórí yẹ̀pẹ̀. Ọlọ́pàá kan wá bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó rí i tí ẹnu ọkùnrin náà ń mì, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó padà lọ bá bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó sọ ọ́ sí etí tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀.

Bàbá yíjú sí i.

“Aago ló purọ́?”

“Aago ni, Bàbá. Ọwọ́ mi ló kọ́ ọ.”

“Ta lo ti sọ fún?”

“Kò sí ẹni kankan.”

“Má sọ fún wọn mọ́. Kí wọ́n sọ pé mo sáré. Èmi ò tún wakọ̀ mọ́. Ìwọ ṣì ní iṣẹ́ ẹ ṣe.”

Ẹni tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún orúkọ rẹ̀ látàná ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni bọ́ bàtà. Ìdí-Ọkọ̀ lọ sílé lọ mú aṣọ wá fún un. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti ká ibùsùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ sí ibùdókọ̀. Wọ́n kí i kú ara fẹ́rakù. Alága ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán, àgbà ti sáré tirẹ̀ parí. Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Nígbà náà ló sọ ọ́. Ó sọ nípa jíà, nípa okùn, nípa ọwọ́ ara rẹ̀. Kò fi ọ̀kan pamọ́.

Kò sẹ́ni tó bú u. Awakọ̀ kan kọ́kọ́ dìde.

“Ìwọ lo ṣe tèmi náà.”

Òmíràn dìde. Òmíràn tún dìde. Olúkúlùkù ń yíjú wo ọkọ̀ rẹ̀ bíi pé ó rí ẹranko níbẹ̀. Alága ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ sí Ìdí-Ọkọ̀ pé kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ alága sókè. Ìdí-Ọkọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà, ó ní kí wọ́n bá òun yí táyà. Ó kà. Ó tún kà. Ó ní mẹ́ta àti díẹ̀ ni, bíi ti bàbá òun.

Alága ní àárọ̀ yẹn gan-an lòun kó àwọn ọmọ òun sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, ọwọ́ aago wà lórí ọgọ́rin, táyà ti kọjá ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́:

“Àgbà yẹn ò sáré.”

Ìdí-Ọkọ̀ gbọ́ ọ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Kò jáde. Ó na ọwọ́ sókè, ó wá ìdí okùn aago náà kàn, ó sì tú u, kí ẹnikẹ́ni má baà gba aago náà gbọ́ mọ́.