Ọ̀dùnkún Tíṣà Májẹ́kódùnmí

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú ìyá Monílọ́lá ni bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ dáná oúnjẹ láyé rẹ̀. Òkèlísà, ní ìlú Oǹdó, ni wọ́n ń gbé nígbà náà, nínú ilé kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí bàbá ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọdún 1984 ni. Monílọ́lá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, Gbémiga àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méje, Ọmọ́táyọ̀ àbíkẹ́yìn kò tíì pé mẹ́ta. Àwọn ẹbí tó wá bá wọn kẹ́dùn ti padà sílé kálukú. Oúnjẹ tí àwọn ìyá ìjọ ń gbé wá ń dín kù lójoojúmọ́, títí ó fi dáwọ́ dúró. Ni Tíṣà Májẹ́kódùnmí bá ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí àpótí nídìí ààrò.

Iyán ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ọmọ Oǹdó wo ni kì í jẹ iyán? Ó gún un títí òógùn fi bò ó, ṣùgbọ́n kókó inú rẹ̀ tóbi tó èkùrọ́. Gbémiga ń ṣa kókó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó ń kà wọ́n. Bàbá wò ó. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ìyá wọn gbin ọ̀dùnkún sí kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Ebè mẹ́rìnlá ni. Ìtàkùn rẹ̀ ti bo gbogbo ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ láti ìgbà tí wàhálà ti dé. Bàbá fi ọkọ́ tú ebè kan, ó bá ọ̀dùnkún mẹ́fà níbẹ̀, eléèpo pupa, tó sanra bí apá ọmọ ọwọ́. Ó fọ̀ wọ́n, ó dà wọ́n sínú ìkòkò tèèpo-tèèpo, ó bu iyọ̀ sí i. Nígbà tó jinná, ó ní kí Monílọ́lá gbé epo pupa àti ata wá.

"Ẹ máa bó o fúnra yín," ó ní. "Ẹ fẹ́ ẹ dáadáa o, ó gbóná."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó yí ìkòkò ká, tí wọ́n ń ju ọ̀dùnkún láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì. Ọmọ́táyọ̀, tí kì í jẹ ju ṣíbí méjì lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ lọ, jẹ odidi kan tán, ó tún na ọwọ́.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀dùnkún di oúnjẹ ilé Tíṣà. Bí ẹni ń ṣe ìṣirò ló ṣe kọ́ ọ sísè: ó ń dán an wò, bí kò bá bọ́ sí i, á tún un ṣe. Ó rí i pé bí a bá sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta lẹ́yìn tí a wà á, ó máa ń dùn ju èyí tí a sè lójú ẹsẹ̀ lọ. Ó rí i pé omi àsáró rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀, nítorí kì í pẹ́ rọ̀ bí iṣu. Bó bá ti ń rọ̀, á da epo, ata, àlùbọ́sà àti ṣáwá gbígbẹ tó ti yọ eegun rẹ̀ sí i, á wá fi orógùn fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fọ́ ọ tán. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á gé e pẹlẹbẹ, á dín in. Èyí ni Gbémiga fẹ́ràn jù. Ó máa ń fi èyí tó ṣẹ́ kù sápò ṣòkòtò ilé ìwé, tí epo á fi yí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé ìwé wá ń pè wọ́n ní "ọmọ ọlọ́dùnkún." Monílọ́lá kórìíra orúkọ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ohun tó jẹ sùn, iyán ló máa ń sọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹbí pe ìpàdé. Wọ́n ní ọkùnrin kì í dá tọ́ ọmọ mẹ́ta. Kí Ọmọ́táyọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí Gbémiga lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, kí Monílọ́lá lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Yéwándé. Àǹtí Yéwándé ni ẹ̀gbọ́n ìyá wọn tó ń ta aṣọ ní Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́. Kò bímọ. Tíṣà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ parí táàmù náà ná, wọ́n sì gbà.

Táàmù kò tíì parí tí Àǹtí Yéwándé fi dé ní àárọ̀ Sátidé kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Báàgì òfìfo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Monílọ́lá mọ ohun tí báàgì náà wá ṣe. Ká sòótọ́, inú rẹ̀ dùn. Aṣọ tuntun pọ̀ nílé Àǹtí, kò sì sẹ́ni tí yóò pè é ní ọmọ ọlọ́dùnkún ní Àkúrẹ́. Kí Àǹtí tó jókòó tán, ó ti ṣa aṣọ rẹ̀ mẹ́rin sórí ẹní.

"Tíṣà, kí lẹ ń sè?" Àǹtí béèrè.

"Ọ̀dùnkún ni, Àǹtí mi. Ẹ jókòó, ó ti fẹ́ jinná."

"Ọ̀dùnkún? Láàárọ̀ kùtù?"

"A jẹ ẹ́ lálẹ́ àná náà," Gbémiga dá a lóhùn.

Àǹtí pòṣé. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Tíṣà. Ṣé bí ẹ ó ṣe máa ṣe é lọ nìyí? Ẹ jẹ́ n ràn yín lọ́wọ́."

Bàbá ń ro àsáró rẹ̀ lọ. "Ẹ ti ń ràn mí lọ́wọ́, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

Ó bu àwo mẹ́rin, mẹ́ta fún àwọn ọmọ, ọ̀kan fún àlejò. Òun fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò sí àárín ẹsẹ̀, ó ń ha ìdí rẹ̀ jẹ. Àǹtí tọ́ tirẹ̀ wò pẹ̀lú ìfura. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́ títí àwo fi mọ́. Ìgbà tí bàbá jáde sí ẹ̀yìnkùlé ló tó pe Monílọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o ti di ẹrù rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbé e wá ká máa lọ. Màá bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀."

Monílọ́lá wọ yàrá lọ. Láti ojú fèrèsé, ó rí bàbá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ebè, tó ń wa ọ̀dùnkún. Ọmọ́táyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá pọ̀n ọ́n bí obìnrin ṣe ń pọn ọmọ, ìró ìyá wọn ló sì fi pọ̀n ọ́n. Kò mọ̀ ọ́n so. Ìró ń tú, ó fi ọwọ́ kan dì í mú níwájú, ó fi ọwọ́ kejì di ọkọ́.

Monílọ́lá jáde wá lọ́wọ́ òfìfo.

"Àǹtí, ẹ má bínú, mà. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá bàbá so ìró?"

Àǹtí wò ó, ó sì wo ẹ̀yìnkùlé. Ó ká báàgì náà kékeré, ó fi há abíyá, ó bá ọ̀nà gáréèjì lọ. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ pípín ọmọ mọ́ nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n ó tó ọdún méjì kí Àǹtí Yéwándé tó tún fẹsẹ̀ tẹ Oǹdó, tòun ti apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ lórí.

Tíṣà kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó tọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yanjú, ó fẹ̀yìn tì, ó sì kú ní ọdún 2011. Monílọ́lá ti kàwé ní Àkúrẹ́ nígbà náà, ó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká níbẹ̀, ó ti fẹ́ Stephen. Àwọn ọmọ tiwọn, pòtétò òyìnbó díndín ni wọ́n mọ̀. Monílọ́lá náà kì í sábà se ọ̀dùnkún. Bí òórùn rẹ̀ bá ti gba imú rẹ̀ lójú títì níbi tí wọ́n ti ń dín in tà, ṣe ló máa ń yára kọjá, nítorí ojú bàbá rẹ̀ ló máa ń rí.

Nígbà tí Àǹtí Yéwándé darúgbó tí kò lè máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, Monílọ́lá lọ mú un wá sílé. Lọ́dún tó kọjá, ibà ṣe é. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ oúnjẹ. Ògì, ó kọ̀ ọ́. Ìrẹsì, ó kọ̀ ọ́. Iyán tó fẹ́ràn gan-an, ó fi ìka kan tì í sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹfà, tó jẹ́ Sátidé, ló ní:

"Monílọ́lá, ṣé o ṣì lè se ọ̀dùnkún bàbá rẹ?"

Monílọ́lá dúró. Láti ogójì ọdún, Àǹtí kò mẹ́nu kan oúnjẹ náà rí. Ó mú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà Ọba, ó ń yẹ ọ̀dùnkún wò láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó rí eléèpo pupa rà. Kò sí àyè à ń sá a sóòrùn. Ó bó o, ó gé e, ó gbé e ka gáàsì. Ó rò pé òun yóò pe Gbémiga ní Àbújá láti bi í ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe é lọ fúnra rẹ̀: omi díẹ̀, epo, àlùbọ́sà, ó ń yọ eegun ṣáwá. Nígbà tó fi orógùn kàn án, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ó rí i pé òun ń sunkún, òun sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Ó bu ú sínú àwo, ó gbé e lọ sí yàrá. Àǹtí fi ṣíbí bù ú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó ti bàbá rẹ," ó ní, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé mo ti ra bẹ́ẹ̀dì rẹ nígbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀dì wo, mà?"

"Bẹ́ẹ̀dì onírin. Mo ti tò ó sí yàrá ẹ̀gbẹ́ tèmi ní Arákàlẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ olódòdó sí i. Nígbà tí mo dé láti Oǹdó lọ́jọ́ náà, mo ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn pa. Ọdún méjì ni mi ò fi ṣí i."

Gbogbo ìgbà tí Monílọ́lá fi ń rántí Sátidé yẹn, bàbá rẹ̀ nìkan ló ń rò.

"Ṣé inú bí yín sí mi, mà?"

"Inú bí mi. Inú bí mi sí bàbá rẹ jù. Ó wá kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní àwọn ọmọ ń béèrè mi, kí n wá jẹun. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta ni mo wọ mọ́tò."

Monílọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

"Dìde, jàre. Bù sí i fún mi."

Ó bù sí i. Àǹtí jẹ ẹ́ tán, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kò pẹ́ tí oorun fi gbé e lọ. Monílọ́lá pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́, ó kó àwo lọ fọ̀. Stephen ń fọ mọ́tò níta, ó ti ń gbóòórùn ọ̀dùnkún láti ìgbà tó ti wà lórí iná. Ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ó béèrè bóyá ó kù. Ó kù díẹ̀.