Ohùn Kejì Ìyá Àgbà Igbẹ́kọ̀yí

Ní Ọjọ́rú tí ó ṣáájú Mísà ìrántí ọdún kan ikú ìyá àgbà rẹ̀, Aurélie kó àwọn ará ilé wọn jọ sínú ilé ìjọsìn ní Akparé kí wọ́n lè fi orin dánra wò. Mọ́kànlá ni wọ́n, tàgbà tèwe. Fáda ti gbà pé kí ìdílé náà kọ orin kan nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ, gbogbo wọn sì ti fẹnu kò sórí Ilẹ̀ Mọ́, orin tí ìyá àgbà fi ń dáná ní àràárọ̀. Aurélie, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Glei, ni wọ́n fi ṣe aṣáájú. Ó ti ra ìwé tuntun kan, ó ti kọ ọ̀rọ̀ orin náà sí ojú ewé kìíní, ó sì ti fi rúlà fàlà sábẹ́ àkọlé. Ó ti pinnu pé gbogbo orin ìyá àgbà ni òun yóò kọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí gẹ́lẹ́, kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la má baà jogún ohun tí kò pé.

Wọ́n kọ orin náà. Arsène, olórí akọrin, gbọ́ ọ dé òpin, ó sì ń fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀.

"Màdáámù," ó ní, "orin wo lẹ kọ yẹn?"

"Ilẹ̀ Mọ́ ni. Orin Màmá àgbà."

"Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tí a ti kọ ọ́ kẹ́yìn níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé rẹ̀. Ohùn kejì lẹ kọ. Orin gan-an kò sí níbẹ̀."

Vincent, àkọ́bí ìyá àgbà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí gbogbo àwọn ọmọ ilé ń pè ní Tọ́ńtọ̀n, rẹ́rìn-ín. "Arsène, orin tí mo mu pọ̀ mọ́ wàrà ìyá mi ni ìwọ fẹ́ kọ́ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé ẹ kò gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?"

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oorun ni mo máa ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ó dára. Lẹ́yìn 'ojú mi là', gbogbo yín dákẹ́. Kí lẹ dákẹ́ ṣe?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dákẹ́, wọn a dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn a jọ wọlé sí "Olúwa ló ṣe é", láìsí ẹni tí ó kà á fún wọn. Tọ́ńtọ̀n Vincent ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rántí àwọn òkú. Maxime, ọmọ rẹ̀, ní ibi èémí ni. Ní ti Aurélie, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti máa ń fẹ́ iná, ó sì ti gbà láti kékeré pé nítorí iná ni.

Arsène kò bá wọn jiyàn. Ó ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, òun fúnra rẹ̀ la ẹnu, ohùn kan sì gòkè níbi tí kò sí nǹkan tẹ́lẹ̀, ó yí lókè, ó sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì bá wọn ní ẹnu "Olúwa". Kò sí ẹni tí ó lè wọlé. Ẹnu gbogbo wọn ṣí sílẹ̀.

"Ibi tí ohùn kìíní ti ń dá kọ nìyẹn," ni Arsène wí.

Ó fún wọn ní wákàtí kan láti kọ́ ohùn kìíní náà. Wọ́n gbìyànjú. Bí wọ́n bá gòkè tán, ẹnì kan á yọ̀ wálẹ̀, àwọn yòókù á sì tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tí ń bọ̀ wálé. Níkẹyìn Tọ́ńtọ̀n Vincent jókòó. "Ó rẹ̀ mí," ó ní. "N kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orin ìyá mi ní ọjọ́ ogbó."

Lóru ọjọ́ náà, Aurélie kò rí oorun tó dára sùn. Bí orin kan bá jẹ́ ààbọ̀, mélòó nínú àwọn yòókù ni ó pé? Ó rántí gbogbo ìgbà tí ó ti gbọ́ tí akọrin ń kọ orin tí ó mọ̀ nílé, tí ó rò pé wọ́n kàn ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Arsène ti sọ fún un pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé nínú àwọn tí ń kọ ohùn kìíní láyé ìyá àgbà, Màmá Inès, tí ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Notsé. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ parí, Aurélie wọ táksí lọ síbẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó ń to ìgbésí ayé ìyá àgbà lọ́kàn bí ẹni ń to aṣọ sínú àpótí. Igbẹ́kọ̀yí ni wọ́n sọ ọ́, torí ọmọ mẹ́ta ló ti kú ṣáájú rẹ̀. Brigitte ni Fáda fi kún un lọ́jọ́ ìrìbọmi. Ó fẹ́ àgbẹ̀ olówùú kan ní Akparé, ó sì bí ọmọ méje fún un. Vincent ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ akọrin, kò sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fún ọdún méjìléláàádọ́ta. Bí ó bá ti oko dé lọ́jọ́ ìdánrawò, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò ṣàn, yóò pọn ọmọ, ó di ilé ìjọsìn. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, ó wà lórí bẹ́ǹṣì akọrin lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Òun ní ilé dákẹ́ jù fún òun ni.

Nílé, orin ni aago rẹ̀. Ẹ̀wà jẹ́ orin púpọ̀ kí ó tó jinná, iṣu jẹ́ orin mẹ́ta. Bí ọmọ méjì bá jà, kò ní dá ẹjọ́. Yóò ní kí wọ́n kojú síra wọn, kí wọ́n jọ kọ orin kan títí èémí wọn yóò fi bára mu. Aurélie, tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Lomé, tí ó sì dàgbà sọ́wọ́ ìyá àgbà, ti kọ orin báyìí pẹ̀lú Maxime títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù.

Màmá Inès ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ òrùlé nígbà tí ó dé. "Ọmọ ọmọ Igbẹ́kọ̀yí," ó ní. "Súnmọ́ mi kí n wò ọ́. Imú rẹ̀ lo mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í rẹ̀ ẹ́ ni ìbá dára kí o mú."

Aurélie kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè ohun tí ó gbé e wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló gbé Màmá àgbà dé ohùn kejì? Tọ́ńtọ̀n Vincent ní ibà ló mú ohùn òkè rẹ̀ lọ nígbà tí ó bí ọmọ kẹta. Arsène ní kò sí ẹlòmíràn tí ó lè kọ ọ́ ni."

"Ibà wo? Ohùn rẹ̀ ju tèmi lọ. Òun ló ń kọ ohùn kìíní kí n tó dé. Ọdún tí mo dé, ó tì mí síwájú, ó lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì ohùn kejì. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni bẹ́ǹṣì yẹn wà. Bí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ké, a bọ́ síta, a máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, a sì máa kọ ohùn tirẹ̀ láti ìta wá. Ẹni tó di ohùn kìíní mú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jáde, orin ti jáde nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà dàgbà. Kí ló dé tí kò padà?"

Màmá Inès ju òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà. "Mo bi í. Ó ní ibẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Nígbà míràn mo máa ń rò pé nítorí tèmi ni. Nígbà míràn mo rò pé ó ń dúró kí n ṣìnà kí ó lè fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò mọ̀, ọmọ mi."

"Nílé ńkọ́? Kò sí bẹ́ǹṣì nílé. Kí ló dé tí kò kọ́ wa ní ohùn kìíní?"

"Bó bá ń kọ tirẹ̀, ó ń gbọ́ tèmi lórí rẹ̀. Bóyá ó rò pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ."

Màmá Inès wá kọ ohùn kìíní fún un, pẹ̀lú ohùn tí ó ti gbó, títí Aurélie fi mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ìyá náà lè wá sí Akparé. "Ìwọ bá mi gbé e lọ," ni ó wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìdílé náà dìde pẹ̀lú ọrẹ lọ́wọ́. Aurélie kò sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni, torí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ bóyá yóò ṣe é. Wọ́n kọ orin dé "ojú mi là", wọ́n dákẹ́, ó sì la ẹnu. Ohùn kìíní gòkè. Àwọn ọmọdé yíjú sí i. Ìgbọ̀nwọ́ Tọ́ńtọ̀n Vincent bà á ní egungun ìhà, bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nígbà àdúrà. Ìyẹn tó láti da ọkàn rẹ̀ rú: bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ sínú ohùn tí ó ti mọ̀ láti ọmọdé, kò rí tòkè mú mọ́, kò sì bá tìsàlẹ̀ dọ́gba. Ó dákẹ́. Tọ́ńtọ̀n Vincent ló dá gbé orin náà, àwọn yòókù sì ń wọlé tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé pẹpẹ.

"Kí ló ṣe ọ́?" ó bi í níta. "Àwọn òkú la dákẹ́ fún."

"Ohùn tí Màmá àgbà ń gbọ́ ni, Tọ́ńtọ̀n."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Rárá."

Tọ́ńtọ̀n wò ó títí, àánú rẹ̀ ń ṣe é, kò sì bínú mọ́. "Màmá wa mọ ohun tó fún wa," ó ní, ó sì lọ kí àwọn àlejò. Arsène, tí ó kọjá lẹ́yìn náà, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ibi tí ó kọ dára púpọ̀, ó ku díẹ̀ kó pé.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ní Glei, Aurélie ń dáná kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Blandine, ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ Ilẹ̀ Mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí gbogbo ará ilé wọn. Nígbà tí ó dé "ojú mi là", kò dákẹ́, ó gòkè, ó gbé ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ibi tí ìyá náà ti ṣìnà, ó sì já bọ́ sísàlẹ̀ padà níbẹ̀ gan-an, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe dá orin náà nìyẹn.

"Blandine," ni Aurélie pè é.

"Màmá?"

Olùkọ́ ni Aurélie. Bí ọmọ bá ṣì í, a máa ń tún un ṣe. Ó la ẹnu, ó sì wá èyí tí yóò fi rọ́pò rẹ̀, òkè tàbí ìsàlẹ̀ tàbí ìdákẹ́.

"Okùn bàtà rẹ tú," ó ní.

Ọmọ náà lóṣòó láti so ó, ó sì tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.