Ìdọ̀bálẹ̀ Àárọ̀ ní Ìsọlọ̀

Inú balùwẹ̀ ni mo ti ṣubú, ìhòòhò ọmọlúàbí sì ni mo wà. Ọṣẹ ni mo tẹ̀. Egungun kankan ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè dìde. Mo gbìyànjú títí, ara kọ̀, ni mo bá figbe ta. Ìyàwó onílé àti àwọn ayálégbé méjì ló wọlé wá gbé mi. Obìnrin náà tú ìró òkè rẹ̀, ó fi wé mi nídìí, ó ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ó sì ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má baà rí ohun tí kò yẹ kó rí. Ó ti rí i ná.

Kí omi tó gbẹ lára mi, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Ìkòròdú ti gbọ́. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé yàrá wà, fáànù wà, tẹlifíṣọ̀n wà. Mo mọ yàrá náà. Mo ti lo Kérésì kan níbẹ̀ rí, mi ò sì rí ẹni bá jiyàn títí ọdún fi parí. Ní Ìsọlọ̀ níbí, kápẹ́ńtà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí. Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí àga rẹ̀ yẹ̀ á yà, ẹni tí ọ̀rọ̀ ìjọba ń dùn á yà, a ó sì jọ pariwo. Ilé tí wọ́n bá ti ń gbé oúnjẹ síwájú èèyàn, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ̀wọ̀n ni, àfi pé ẹran pọ̀ díẹ̀ nínú ọbẹ̀.

Mo ní mi ò lọ. Ó ní, "Dádì, tí ẹ bá tún ṣubú nígbà tí kò sí ẹnì kankan nílé ńkọ́?" Ó wá ní òun fún mi di ìparí oṣù. Tí òun bá dé, tí mo lè dá ara mi gbé nílẹ̀ lójú òun, òun á fi mí sílẹ̀. Tí mi ò bá lè ṣe é, kí n wọ mọ́tò.

Bí ìmọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ìjọ wa lórí wọ́ṣáàpù ní kí n máa fi aáyù mu omi gbígbóná, kí n yé jẹ ẹ̀bà lálẹ́, kí n má fi apá òsì sùn mọ́. Ẹni tó fi ti apá òsì ránṣẹ́ kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé wọ́n tì í lẹ́yìn. Ní Bọ́ládé, Ìyá Alágbo bu ìgò kan fún mi, ó ní ó ń wo orúnkún, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì ń ṣí ilé ọmọ. Mo ní, "Ìyá, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ fi ti ọmọ sílẹ̀." Ó ní kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè ṣe. Mo mu ún. Ṣáláńgá ló gbà mí lálejò di ọ̀sán ọjọ́ kejì, orúnkún mi ò sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ní ilé ìwòsàn, tó máa ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń na ara, ló sọ ọ̀rọ̀ tó lórí tó nídìí. Ó ní wàhálà àgbà kì í ṣe ìṣubú nìkan, àìlèdìde wà níbẹ̀. Ó ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra mi láràárọ̀, kí n fi àyà lélẹ̀, kí n sì máa kọ́ bí mo ṣe máa dìde: kí n yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n fi ìgúnpá ti ilẹ̀, kí n wá sórí orúnkún, kí n di àga tí kì í mì mú, kí n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí n wá dìde. "Tó bá ń dùn yín, ẹ dúró o, Bàbá. Ẹ má fi agídí ṣe é." Ó ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kàn fúnra mi ti gba yàrá mi tán, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo tẹ́ ẹní sí, mo gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì dojú kọ géètì. Mo gbàgbé pé ọmọ Yorùbá ló yí mi ká. Onígbàjámọ̀ tó ń gbé yàrá kejì ló kọ́kọ́ jáde, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì já bọ́. Ó ní, "Bàbá, èmi kọ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣe nǹkan kan o!" Ó sáré padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ta ni yóò dúró kí àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ fún òun, tí ayé òun ṣì wu òun?

Ti onílé ló le jù. Baba rẹ̀ ló fi ilé náà sílẹ̀ fún un, ọmọ tí mo lè bí ni. Ẹnu wa ti bó nítorí ilẹ̀ balùwẹ̀ tó ń yọ̀ yẹn, "A máa ṣe é, Bàbá" ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ṣí géètì, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òṣòdì, ó bá mi nílẹ̀. Èémí mi ò tíì délẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà fi aṣọ funfun gbalaja sílẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá mi, kí ni mo ṣe? Ẹ má gégùn-ún fún mi o!"

Mo ṣì ń mí gúlegúle.

"Ṣé torí balùwẹ̀ yẹn ni? Mo máa ṣe é! Mo máa ṣe é lónìí!"

Nígbà tí èémí mi fi máa délẹ̀, mo ti rí i pé kò sí ohun tí mo fẹ́ máa ṣàlàyé. Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Dìde." Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí bíríkìlà fi dé. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tí kì í yọ̀ tún ilẹ̀ náà ṣe, wọ́n sì ri irin ìdìmú mọ́ ògiri. Gbogbo ẹnu tí a fi bẹ̀ ẹ́ ò ràn án, ikùn mi ló parí ọ̀rọ̀.

Ìparí oṣù dé, ọmọ mi dé pẹ̀lú mọ́tò, búùtù ti wà ní ṣíṣí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bí àwọn ará ọ́fíìsì ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ káàsán, Dádì. Ẹ ṣe é kí n rí i." Ẹ̀rù bà mí. Láràárọ̀ ni mo ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí ara bá kọ̀ lójú ọmọ yìí, Ìkòròdú ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi àyà lélẹ̀.

Òun ló ní kí n ṣe é o. Àmọ́ bó ṣe rí baba rẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, iyè rẹ̀ rá. "Ẹ̀ẹ̀! Dádì, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi!" Ó fi orúnkún méjèèjì gbálẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹlẹ̀, ó ń wá bí òun ṣe máa wálẹ̀ jù mí lọ. Mo yí, mo fi ìgúnpá tì, mo di àga mú, mo dìde. Mo dúró kí ó yìn mí.

Ó ṣì wà nílẹ̀.

Mo ní, "Dìde."

"Mò ń bọ̀."

Kò bọ̀. Orúnkún ti há. Orí àga ọ́fíìsì ló máa ń wà láti àárọ̀, inú mọ́tò ló máa ń wà nírọ̀lẹ́. Mo ti àga sí i, mo ní, "Gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Má kánjú." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó ní, "Dádì, gbogbo ìgbà tí fóònù mi bá dún, mo máa ń rò pé wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé ilẹ̀ ni wọ́n bá yín sí."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Èmi ń sá fún ẹ̀wọ̀n, mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ti wà nínú tirẹ̀. Mo fà á dìde, mo sì dì mọ́ ọn.

Ó ti búùtù, ó lọ láìgbé ẹrù mi. Láràárọ̀ báyìí, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń fi fídíò pè mí, a ó gbé fóònù sílẹ̀, a ó jọ sọ̀ kalẹ̀, òun ní Ìkòròdú, èmi ní Ìsọlọ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dìde. Mi kì í pa fóònù títí màá fi rí i pé òun náà ti dìde.