Ẹ̀rọ Aboyún Lórí Ojú Mi

Ọjọ́ Ajé kan ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1993 kò lè kúrò lọ́kàn mi. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, ọyẹ́ bo Lomé, ìyanṣẹ́lódì sì ti ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn pa.

Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mànàmáná ń kọ nínú ojú òsì mi. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Láísì, ẹni tí kò jẹ̀bi rí láyé, ní eruku ọyẹ́ ni. Mo gbọ́ràn, nítorí pé àgbà ni. Ní àárọ̀ yìí, ojú náà ṣókùnkùn.

Mo lọ bá dókítà Ànàgó kan ní àdúgbò Gbossimé. Bọ̀dá tẹ̀ lé mi láti lọ kọ́ ọ níṣẹ́. Dókítà tan iná sójú mi, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló rí. Ó ní ohùn ẹ̀rọ lè la ẹ̀jẹ̀ kọjá níbi tí iná kò ti lè là á. Ó ní kí n pa ojú dé, ó sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún lé ìpéǹpéjú mi.

Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. “Dókítà, oyún ojú náà ti pé oṣù mélòó?”

“Mesié,” ni dókítà dá Bọ̀dá lóhùn, “awọ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ti ya. Bí ẹ bá tún fi falẹ̀, ojú yóò fọ́.”

Àyà mi já, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà.

“Ọyẹ́ náà ló ya á,” ni Bọ̀dá wí.

Mo wọkọ̀ lọ́sàn-án lọ sí Kòtònú, níbi tí ìyanṣẹ́lódì kò dé, wọ́n sì lẹ awọ náà. Láti ìgbà náà, n kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ Bọ̀dá kí n tó lọ sí ilé ìwòsàn.