Sàréè Tíṣà Oyèwọlé

Ọkọ mi, Morákinyọ̀ Àjàyí, bíríkìlà ni. Gbogbo Ìlógbò ló mọ̀ ọ́n. Òun ló ń fi ìṣó kọ orúkọ òkú sórí sìmẹ́ǹtì tútù, àfi kéèyàn yáwọ́ sí i, torí tó bá ti gbẹ, ó parí nìyẹn. Èmi Morẹ́nikẹ́ ni mo ń pọnmi fún un, èmi náà ni mo ń pariwo mọ́ ọn. Ọdún 1984 ló fẹ́ mi wá láti Ìrè.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Ìyá Lọ́lá ránṣẹ́ pè é. Bọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, opó Tíṣà Oyèwọlé. Ní ìbò ọdún 1983, Tíṣà ló jókòó ti àpótí ìbò ìlú yìí. Iye tí wọ́n kà lójú gbogbo ayé kọ́ ni wọ́n kéde lórí rédíò. Àwọn kan ní Tíṣà ló gbàbọ̀dè, àwọn kan ní ojú ọ̀nà ni wọ́n ti yí i. Èrò ya lọ sílé rẹ̀, wọ́n sì lù ú pa. Wọ́n ń wádìí ẹ̀ lọ́wọ́ ni sójà gbàjọba, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Títí dòní, ẹ dá a sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà, ẹ ó rí ìjà.

Ogún ọdún ti wá pé. Àwọn ọmọ Tíṣà tó wà ní Èkó ní kí wọ́n tún sàréè náà ṣe, kí Fíkà ìjọ wa lè gbàdúrà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí Ìyá Lọ́lá fẹ́ kí wọ́n kọ sí i kò gùn: Wọ́n pa á. Kò yí èsì ìbò.

Ọkọ mi ti tẹ́ sìmẹ́ǹtì tán kí Ayọ̀kúnlé, àbúrò Tíṣà, tó dé. Ó ka ìwé tí Ìyá Lọ́lá kọ ọ̀rọ̀ náà sí lọ́wọ́ ọkọ mi, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ìyàwó wa, kí lèyí? Ẹ jẹ́ kó kọ ‘Sùn re o’ bíi ti gbogbo ayé.”

“Ọkọ mi,” Ìyá Lọ́lá dá a lóhùn, “ogún ọdún ni mo fi dákẹ́. Àwọn ọmọ mi ò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ, wọ́n á ní ọmọ olè ìbò ni wọ́n.”

“Ta wá ni ‘wọ́n’? Ó dáa, ẹ dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo, kó kọ ọ́. Bí ẹ ò bá mọ ẹnìkankan, ẹ má fẹ̀sùn kan gbogbo ìlú.”

Ìlú Ìtapàjí ni Ìyá Lọ́lá kó àwọn ọmọ sá lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pa Tíṣà, kò rójú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi, torí oòrùn ti mú, sìmẹ́ǹtì ti ń le.

“Bàbá Ìrètí!” mo pariwo mọ́ ọkọ mi. “Kọ nǹkan kan jàre! Àbí o fẹ́ rù ú lọ sí ulé ni?”

Ó kúnlẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ Ìyá Lọ́lá bó ṣe wà. Ayọ̀kúnlé figbe ta, ọkọ mi ò wò ó. Ó sún sísàlẹ̀ díẹ̀, ó tún ń kọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń kọ orúkọ oníṣẹ́ ni, mo fẹ́ bú u. Mo wá kà á: MORÁKINYỌ̀ ÀJÀYÍ WÀ LÁRA WỌN.

Korobá já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá Lọ́lá nu ojú rẹ̀. “Ṣé Bàbá Lọ́lá sọ nǹkan kan kó tó kú?” ó bi ọkọ mi.

Ọkọ mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ó ní ìwé tí àwọn fi ka ìbò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀ wá pé ká lọ wò ó.” Ó gbé ìṣó sílẹ̀. “A ò wò ó.”