Ohùn Tó Ń Pe Bàbá Mi Lọ́sàn-án Gangan

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe géèmù tó ń pe bàbá mi, nítorí náà n kò lè dá ẹlòmíì lẹ́bi.

Yàrá mi ní òpópónà Bajulaiye, lókè ilé ìtẹ̀wé kan, ni mo ti ṣe é: géèmù orí fóònù tó ń kọ́ àwọn tó ń lọ ra ọjà ní Kùtọnu ní èdè Faransé. Àwòrán á jáde, ohùn kan á sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, á sì tún un sọ ní Faransé. Ohùn màmá mi ni mo lò. Ogún ọdún ni wọ́n fi ra aṣọ ní Kùtọnu. Faransé wọn kò mọ gírámà, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́jà tó lè rẹ́ wọn jẹ. Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ni mo ti gba ohùn wọn sílẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

"Ṣé mọ́ínmọ́ín ni mí ni," ni wọ́n wí, "tó o fi ń wé mi nínú ooru?"

Ó yẹ kí géèmù máa rán ẹni tó bá pa á tì létí. Mo mú ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ màmá mi fún un: "Máa bọ̀. Viens." Mo ní kó máa dún ní agogo méjìlá ọ̀sán, torí ìgbà yẹn ni ọlọ́jà ń sinmi. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé ọ̀sán gangan kì í ṣe àsìkò tí à ń pe èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ló ń rò ó, nígbà tí ẹni tó ni ohùn ṣì wà láàyè?

Màmá mi kú lójijì kí géèmù náà tó jáde. Orí fóònù mi àti ti bàbá mi nìkan ló wà.

Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi ní Bàrígà. Mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n wọ bàtà, wọ́n dé fìlà. Oúnjẹ àná wà níbi tí mo gbé e sí.

"Dádì, níbo lẹ̀ ń lọ?"

Wọ́n tún fìlà wọn ṣe. Agogo méjìlá lù, fóònù orí tábìlì sì sọ̀rọ̀: "Máa bọ̀."

Ohùn màmá mi ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mò ń bọ̀," ni wọ́n wí.

Láti kékeré ni màmá mi ti kọ́ mi: bí o kò bá rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́. Ẹni tó bá dá òkú lóhùn ti gbà láti tẹ̀ lé e. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá mi, wọn kì í gba irú èyí gbọ́, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Géèmù ni."

"Mo mọ̀ pé géèmù ni. Ṣé orí mi dàrú ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n dílíìtì ẹ̀."

Wọ́n gbá fóònù mọ́ àyà. "Kí wọ́n tó bí ẹ ló ti ń pè mí. Tó o bá yọ ọ́, o sin ín lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Wọ́n ti gbẹ. Ṣòkòtò ń bọ́ nídìí wọn. Mo mọ̀ pé bí mo bá jẹ́ kó máa pè wọ́n báyìí, wọ́n á tẹ̀ lé e lọ.

Mo lè pàrọ̀ ohùn náà láti orí kọ̀ǹpútà mi láìfọwọ́ kan fóònù wọn. Mo padà sí Bajulaiye, mo jókòó ti gbogbo ohùn màmá mi, mo ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn. "Ṣí ilẹ̀kùn." "Òtútù ń mú mi." "Ó ku ẹnì kan." Ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni gbogbo wọn nígbà tí a gbà wọ́n sílẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè gbọ́ wọn tán.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti bàbá mi. Bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ wọn. Agogo méjìlá lù.

"Dúró," ni màmá mi wí. "Attends."

Bàbá mi tẹjú mọ́ fóònù náà pẹ́. "Kí n dúró? Ṣebí ìwọ lo ní kí n máa bọ̀."

Fóònù kò sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Kò fẹ́ kí n wá mọ́," ni wọ́n wí.

Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà, wọ́n sì bú sẹ́kún, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin màmá mi. Wọ́n jẹun lọ́jọ́ náà. N kò tíì sọ fún wọn pé èmi ni mo pàrọ̀ ọ̀rọ̀ náà, àwọn náà kò sì bi mí.